Ta Ló ń Fa Pompa Yari?

Ìtẹ̀ méje péré ló kù nínú pompa, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ láti fa oògùn sínú àyà, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ibi tí ìyókù gbà lọ. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Nereida fi ojú ara rẹ̀ ka òǹkà kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀: mọ́kànlélọ́gọ́ta. Yari ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ni pompa, kò fà ju ìtẹ̀ mẹ́rin lọ láti ìgbà náà. Nereida gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó mì í, ó tún un wò. Méje náà ni. Ó wá yíjú sí Efraín ọkọ rẹ̀ tó ń mu kọfí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Efraín mọ ìwò yẹn dáadáa. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti ń wò ó bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí.

Ìdájọ́ ti wà nílẹ̀ tipẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹlẹ̀. Doña Provi, ìyá Nereida, tó ni ilé, ló dá a lọ́jọ́ tí Yari kọ́kọ́ mí fíì-fíì nínú aṣọ ìkókó: fatiga ọmọ yìí, ìdílé bàbá rẹ̀ ló ti mú un wá. Fatiga ni gbogbo ará ìlú wa Arroyo ń pe àìsàn tí ń fún àyà pa, tí ń jẹ́ kí èémí máa súfèé bí ìkòkò tó ń hó. Nínú ìran tòun, Doña Provi a ní, kò sẹ́ni tó ní in rí. Á wá nawọ́ sí àwòrán bàbá rẹ̀ lára ògiri, Don Leoncio, tó gé ìrèké fún ogójì ọdún, tó jẹ́ pé orí àga lẹ́bàá fèrèsé ló ń sùn lálaalẹ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán bíi ti ṣọ́jà. Atẹ́gùn ló fẹ́ràn, ni ọmọ rẹ̀ máa ń wí. Ìran wa kì í sùn gbalaja bí ẹran tí wọ́n pa. Efraín, tó ń sùn gbalaja, á wo ilẹ̀. Àna kì í ṣe ẹni à ń bá jiyàn, pàápàá nígbà tó bá jẹ́ abẹ́ òrùlé rẹ̀ lèèyàn ń gbé.

Ọjọ́ tí pompa sì yàn láti tán yìí, ọjọ́ burúkú ni. Oṣù Kẹfà ni, eruku Sàhárà ti sọdá òkun dé erékùṣù wa. Ọyẹ́ tó ń la ètè àwọn ará ìhà ọ̀hún, tó bá dé ọ̀dọ̀ tiwa, àyà ló ń lọ tààrà. Ojú ọ̀run funfun bí omi ìrẹsì, àwọn òkè ti pòórá, ọkọ̀ tí Efraín fọ̀ lánàá ti pọ́n bí ilẹ̀. Yari ti ń wúkọ́ látìgbà tó ti jí. Ó fa ìtẹ̀ méjì láti inú ike omi rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ilé ìwé ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n náà: wọ́n gé ihò sí ìdí ike omi, wọ́n ti ẹnu pompa bọ ibẹ̀, òun á sì fi ẹnu sí ẹnu ike, á máa mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó wá ku márùn-ún.

Nereida bi ìyá rẹ̀ léèrè, nítorí òun ni olùtọ́jú pompa. Orí fíríìjì ló ń gbé e sí, lẹ́sẹ̀ ère Wúńdíá Carmen, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ kan tó máa ń gbé mì láràárọ̀ láti oṣù Kẹta, tó sì máa ń bínú sí ẹni tó bá kọ̀ tí kò bá a gbé e mì. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé pompa ń sọ ọkàn ènìyàn di ọ̀lẹ. Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ ìtẹ̀ méjì, á fún un ní ọ̀kan, á ní kí ó fi àdúrà kún un. Ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ ju ọ̀rọ̀ òṣèlú lọ nínú ilé náà.

Doña Provi ń ṣa ẹ̀wà lórí tábìlì, kò gbójú sókè. Ó ní kí wọ́n bi Efraín.

"Kí ló kàn mí níbẹ̀, Màmá?" Efraín béèrè. "Èmi kò ní fatiga."

"Ọkùnrin tó ń kọrin ìfẹ́ láti aago márùn-ún àárọ̀, tó tún ń gun àkàbà lọ tún fáànù ṣe nílé onílé. Níbo lo ti ń rí gbogbo èémí yẹn?"

Efraín wo ìyàwó rẹ̀ kó bá òun dá sí i. Ìyàwó rẹ̀ ń wo ẹ̀wà.

Ibi tí wọ́n wà nìyí tí Tomasita aládùúgbò fi gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ajá péńpé rẹ̀ lábẹ́ abíyá. Ajá chihuahua ni, etí rẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ, Coronel, ìyẹn ọ̀gágun, sì lorúkọ rẹ̀. Kò sí ìyá àgbà tí kò mọ̀ ní etíkun wa pé bí irú ajá yìí bá sùn ti ọmọ tó ní fatiga, fatiga á fi ọmọ sílẹ̀, á wọ ara ajá. Tomasita ti ń yá wọn ní Coronel láti ọjọ́ Ajé. Ó gbé e lé Yari lẹ́sẹ̀. Eruku wọ ajá náà nímú, ó sín lẹ́ẹ̀mẹta. Tomasita ṣe àmì àgbélébùú, ó ní ẹ ò rí i, ó ti ń gbà á. Yari ní eruku ni. Tomasita ní ọmọ tó bá ń gbó àgbà lẹ́nu, àyà rẹ̀ kì í là bọ̀rọ̀.

Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ pompa, inú rẹ̀ dùn débi pé ó jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn tó lè wá yá a. Kò ṣe àṣìṣe tó pọ̀, nítorí ní àdúgbò yìí, wọ́n ń yá pompa bí wọ́n ṣe ń yá iyọ̀. Èyí tí ètò ìlera bá fún ẹnìkan, ilé mẹ́ta ló ń mí nínú rẹ̀. Ẹ má bi mí bóyá ó dára. Ó burú. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ kí ọmọ aládùúgbò máa súfèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kó sì di etí? Tomasita ka orúkọ mẹ́jọ, kò sí ti ara rẹ̀ níbẹ̀. Doña Provi gbọ́ gbogbo rẹ̀ láì sọ̀rọ̀, ó sì yẹ kí ìyẹn ti ta Efraín lólobó, nítorí kì í gbọ́ nǹkan kan láì sọ̀rọ̀.

Wọ́n rán Efraín lọ sílé oògùn. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ dára, ó gba ìwé, ó tẹ nǹkan sínú ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní adójútòfò kò gbà, pé kò tíì tó àkókò pompa tuntun Yari, ó di Ọjọ́bọ̀. Efraín ní Sátidé lòní. Ó ní òun mọ̀. Efraín ní kí ó wo ìta, kí ó wo eruku. Ó ní òun ti rí i, òun gan-an ń wúkọ́. Bí Efraín bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ rà á, ó lè rà á lówó tó ń fi ọjọ́ méjì ṣiṣẹ́ gbà.

"Ẹ̀rọ yín yìí," Efraín wí, "ṣé ó ní àyà?"

"Kò ní, ọ̀gá," ọmọbìnrin náà dáhùn. "Ìyẹn ló fi lè dúró di Ọjọ́bọ̀."

Efraín ra búrẹ́dì. Ọkùnrin kì í padà sílé lọ́wọ́ òfo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé búrẹ́dì kọ́ ni wọ́n rán an.

Kí ó tó dé, Doña Provi ti kéde ogun sí eruku. Sátidé ni, Sátidé sì ni ọjọ́ tí gbogbo ilé ń rùn bíléèṣì láti ibí títí dé ìlú Patillas. Nereida bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òórùn bíléèṣì ń fún Yari láyà. Doña Provi ní ìdọ̀tí ló ń fa fatiga, ilé tó bá mọ́ kì í mú un. Ó da ìdajì gálọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó fi ìgbálẹ̀ lé e kiri bí ẹni ń lé olè. Òórùn náà ta Efraín lójú láti ẹnu géètì. Wọ́n ti gbé Yari jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú áńkáṣíìfù tútù nímú, ajá lórí itan rẹ̀. Nereida ń pariwo pé kí wọ́n ṣí fèrèsé. Tomasita ń pariwo pé kí wọ́n má ṣí i, eruku á wọlé. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè pariwo tó bẹ́ẹ̀.

Efraín jábọ̀ pé ó di Ọjọ́bọ̀. Ìtẹ̀ márùn-ún, ọjọ́ márùn-ún, nínú eruku yìí. Nereida jókòó sórí àpótí, ó fi ọwọ́ bo ojú. Doña Provi gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó ní òun fẹ́ wẹ̀, ó wọ balùwẹ̀ lọ. Wọ́n gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn, tó ṣí ẹ̀rọ omi gbùù.

Ajá ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó fò sílẹ̀ lórí itan Yari, ó sáré wọlé, ó ń ha ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ó ń gbó pẹ̀lú gbogbo agbára tí kò ní. Tomasita ní aláǹgbá ni. Nereida ní kí Efraín lọ gbé ẹran yẹn kúrò níbẹ̀. Efraín lọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ sì wá dọ́gba pẹ̀lú ihò kọ́kọ́rọ́. Kò wò ó, ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n etí kò ní ìdérí. Ó gbọ́ omi, àti lábẹ́ omi náà: písì. Ó tún gbọ́: písì. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ìró kan tó mọ̀ ju ohùn ara rẹ̀ lọ, tó ti ń jí i lójú oorun láti ọdún mọ́kànlá. Fíì. Fíì.

Kí n má purọ́, ayọ̀ ló kọ́kọ́ dé. Ọdún mọ́kànlá. Ó fẹ́ kọrin. Ṣùgbọ́n ó dúró gbọ́ ìró náà dáadáa, ayọ̀ náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ìró náà ń kúrú sí i ni.

"Màmá, ṣé kò sí wàhálà?"

"Mo... ń... wẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kékeré mẹ́ta, èémí mẹ́ta. Efraín fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Doña Provi jókòó sí etí ọpọ́n ìwẹ̀ pẹ̀lú gbogbo aṣọ lọ́rùn, ó gbá eékún mú, èjìká rẹ̀ ti gòkè dé etí. Pompa Yari wà lọ́wọ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Ó wo ọkọ ọmọ rẹ̀, Efraín náà wò ó.

Gbogbo ilé dé. Níṣojú wọn ni Doña Provi tún gbé pompa sẹ́nu, ó tẹ̀ ẹ́, kùrukùru funfun sì gba imú àti igun ẹnu rẹ̀ jáde padà.

Yari ló sọ̀rọ̀. "Màmá àgbà, ẹ ń jẹ ẹ́ ni. Wọn kì í jẹ ẹ́."

Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo òǹkà ẹ̀yìn pompa. Ó ku méjì. Ó lé ní àádọ́ta ìtẹ̀ tí ìyá àgbà ti fi ahọ́n tọ́ wò láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àyà rẹ̀ kò sì rí ju díẹ̀ lọ níbẹ̀. Yari mú ike omi rẹ̀ wá. Àyà tòun náà ti ń súfèé nínú òórùn bíléèṣì yẹn, gbogbo wọn ń gbọ́ ọ, ìyá àgbà náà gbọ́ ọ. Ó mi orí, ó ti ike náà padà.

"Tìẹ... ni. Tìẹ ni."

Nereida dúró láàárín ìyá rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lókè, kò mọ ti ta ni kí òun ṣe. Mi ò fẹ́ kí ọ̀tá mi dúró níbẹ̀. Ìtẹ̀ méjì, àyà méjì, ẹ̀rọ kan níbì kan sì ń sọ pé Ọjọ́bọ̀.

"Mo ti fa tèmi láàárọ̀," Yari wí. "Ẹ mí jáde. Ẹ mí gbogbo rẹ̀ jáde, kí àyà yín ṣófo. Ẹ fi ẹnu sí i. Mo ti tẹ̀ ẹ́, ẹ máa fà á, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń mu ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ dì í mú. Ẹ má sọ̀rọ̀."

"Ẹ má sọ̀rọ̀, Màmá," Efraín tún un sọ, bóyá nítorí pé kò ní rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ mọ́. Yari kà á dé mẹ́wàá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Doña Provi dákẹ́ dé mẹ́wàá. Èjìká rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, díẹ̀ péré. Yari fẹ́ tẹ èkejì, ṣùgbọ́n ìyá àgbà pa ọwọ́ dé lórí pompa, ó yí ẹnu ike sí ọmọ náà, ó sì fi ojú pàṣẹ fún un. Ojú Doña Provi ṣì lè pàṣẹ. Yari fa ti ìkẹyìn. Òǹkà di òdo.

Efraín wa ọkọ̀ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Wọ́n dé ilé ìwòsàn kí wọ́n tó rí i pé Coronel náà wà nínú ọkọ̀.

Nọ́ọ̀sì kan tó sanra, ọmọ Arroyo gan-an, kò béèrè nǹkan kan. Ó gbọ́ wọn láti ẹnu ọ̀nà, ó so ìbòmú ẹ̀rọ èéfín mọ́ ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, èéfín oògùn ń jáde lára wọn bíi ti ìkòkò ẹ̀wà méjì. Ó tó ìdajì wákàtí kí ètè Doña Provi tó padà ní àwọ̀ ètè. Ìgbà yẹn ni dókítà wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, òkè òkun ló ti wá; èdè kan náà ló ń sọ pẹ̀lú wa, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń sọ ọ́ kọ́. Ó rí Doña Provi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Màmá, ẹ tún ti dé? Ṣé ó ṣì ń rẹ̀ yín ni?"

Nereida yíjú. "Ẹ mọ ìyá mi ni?"

Ó mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Kẹta, ìyá náà dá wọ ọkọ̀ wá láì sọ fún ẹnikẹ́ni, ó ní bí òun bá gun àtẹ̀gùn, fatiga ń mú òun. Ní ìlú ti dókítà, àárẹ̀ ni fatiga, ohun tó ń ṣe ẹni tó ro oko láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó bá a kẹ́dùn, ó ní kí ó máa sinmi, ó sì kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un. Oṣù mẹ́ta ni ìyá yìí fi ń gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ mì láràárọ̀ níwájú ère Wúńdíá, tó ń dúró kí àyà òun là. Nígbà tí kò là, ó nawọ́ sí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó fa dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ ìtumọ̀ fatiga fún un bí wọ́n ṣe ń sọ fún ọmọ pé iná ń jó ni. Etí dókítà pọ́n. Ó tọrọ àforíjì, ó tún tọrọ rẹ̀, ó gbé ìwé tuntun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè gbogbo ohun tó yẹ kó ti béèrè ní oṣù Kẹta. Ó dé orí èyí tó ní ta nínú ìdílé ló tún ní in, ìhà wo ló sì ti wá.

Nereida ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Efraín gbé ajá mọ́ra, ó tẹjú mọ́ àjà ilé bí ẹni tí wọ́n ní kí ó wá tún fáànù ibẹ̀ ṣe. Ẹ̀san ọdún mọ́kànlá wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó sì gbé e mì. Bóyá ohun tó dára jù tó ti ṣe nínú ilé náà nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó rí i.

Doña Provi ṣí ìbòmú kúrò.

"Ẹ kọ ọ́ pé ìhà tèmi," ó wí. "Bàbá mi. Leoncio. Orí àga ló ń sùn lẹ́bàá fèrèsé títí ó fi kú." Ó mí, ó sì rí èémí náà mú. "A máa ń sọ pé atẹ́gùn ló fẹ́ràn. Kò lè mí ni. Bó bá sùn sílẹ̀, kò lè mí. Orí àga yẹn ni a ti bá a láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì nà."

Nereida lọ jókòó tì í. Dókítà kọ ọ́.

"Efraín," Doña Provi wí, kò wo ìhà ibi tó wà. "Má rẹ́rìn-ín."

"Mi ò rẹ́rìn-ín, Màmá."

"Ikùn ẹ ń rẹ́rìn-ín."

"Ajá ni, Màmá."

Ẹ̀rọ ilé oògùn kò rí nǹkan kan wí sí orúkọ Doña Provi, nítorí kò tíì gba pompa rí láyé rẹ̀. Wọ́n gbé tuntun fún un, igba ìtẹ̀ nínú rẹ̀. Di Ọjọ́bọ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ náà ń mí nínú rẹ̀. Ilé tó ń yá ará àdúgbò kò lè fi du ara rẹ̀. Ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ di ibi tí wọ́n ń gbin ewé míńtì sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé náà gan-an, Doña Provi kò gba balùwẹ̀ lọ. Ó gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí gbogbo òpópónà ti lè rí i, ó gbọn pompa náà, ó fi ike Yari sí ẹnu, ó mí jáde, ó tẹ̀ ẹ́, ó fà á, ó sì di èémí mú, ọmọ náà ń kà fún un. Tomasita dúró lẹ́nu géètì, ó wá gba ajá rẹ̀. Ó wo pompa, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó tún wo Coronel bí ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́.

"Provi," ó wí, "ìwọ náà kẹ̀? Níbo lo ti rí fatiga?"

Doña Provi dúró títí Yari fi ka mẹ́wàá pé. Ó sì mí jáde, ó gùn, ó dán, kò súfèé.

"Ogún bàbá mi ni," ó wí. "Kí ni tìẹ fi sílẹ̀ fún ọ?"